Ilé-ìwé, Kóòtù àti Ìkòkò Aró: Àgbéyẹ̀wò Ipò Obìnrin l'Ókè-Ògùn Láyé Òyìnbó

Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ìtàn Yorùbá ti ń fa ìbéèrè kan mọ́ ara wọn lọ́wọ́: nígbà tí ìjọba òyìnbó àti ilé-ìwé míṣọ́nnárì wọ ilẹ̀ wa, ṣé ipò obìnrin gòkè ni, àbí ó wálẹ̀? Èkó, Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń wò bí wọ́n bá fẹ́ dáhùn. Kò yani lẹ́nu. Ibẹ̀ ni lẹ́tà àwọn míṣọ́nnárì pọ̀ sí, ibẹ̀ náà ni àwọn obìnrin tí orúkọ wọn ń jáde nínú ìwé ìròyìn ń gbé. Ẹni tó bá ń ti Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí wo ọ̀rọ̀ náà yóò rí i pé ìdáhùn tó ba Èkó mu kì í sábà ba Òkè-Ògùn mu.

Òkè-Ògùn tí à ń wí yìí gba Ìṣẹ́yìn, Òkèihò, Ṣakí, Ìgbòho, Kíṣì àti Ìgbẹ́tì kọjá. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni, òkè àti àpáta ló sì kún un. Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí fẹ̀gbẹ́ ti igbó ìjọba tó yí ahoro Ọ̀yọ́-Ilé ká. Ìyẹn túmọ̀ sí pé àwọn ará ibẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí agbára ọba, wọn kì í sì í ṣe àjèjì sí ohun tó ń tẹ̀yìn ogun wá. Ṣùgbọ́n kòkó kì í ṣe dáadáa lórí ilẹ̀ wọn, ojú irin kò dé ọ̀dọ̀ wọn, àwọn ilé-ìwé ńláńlá sì jìnnà. Ibi tó rí báyìí ló dára jù láti fi dán èrò àwọn ọ̀mọ̀wé wò.

Àwọn tó ní ìmọ́lẹ̀ ló dé

Àwọn míṣọ́nnárì fúnra wọn ló kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè yìí, wọn kò sì fi kanra. Lójú tiwọn, inú òkùnkùn ni obìnrin Yorùbá wà: orogún níhìn-ín, oko ẹrú lọ́hùn-ún, ẹrù lórí, ọmọ lẹ́yìn. Ìwé àti Bíbélì ni yóò yọ ọ́. Anna Hinderer, tó bá ọkọ rẹ̀ dé Ìbàdàn ní 1853, kó àwọn ọmọdé jọ sílé ní Kúdẹtì, ó ń kọ́ wọn ní ìwé kíkà àti iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Ìwé tí wọ́n ti ara lẹ́tà àti àkọsílẹ̀ rẹ̀ ṣe, tó jáde ní 1872, wà lára ohun tó mú kí àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì gbà pé obìnrin ilẹ̀ yìí ń dúró de olùgbàlà. Ní 1869 ni ìjọ CMS dá ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀ l'Ékòó. Ilé-ìwé ọmọbìnrin ti Kúdẹtì sì tẹ̀lé e ní 1899. Àwọn Onítẹ̀bọmi, tí Thomas Bowen bá dé Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1855, ni wọ́n wá fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù ní apá Ṣakí. Bí ọmọbìnrin ìjọ wọn bá sì fẹ́ ka ìwé kọjá ti ilé-ìwé kékeré, ọ̀nà ilé-ìwé ọmọbìnrin wọn ní Ìdí-Abà l'Ábẹ́òkúta ló máa ń gbà.

Kò yẹ kí a fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú èrò yìí. Ẹ wo ìdílé kan ṣoṣo tó ti Òkè-Ògùn jáde. Òṣoògùn, nítòsí Ìṣẹ́yìn, ni wọ́n ti kó Àjàyí Crowther lẹ́rú ní 1821, pẹ̀lú ìyá rẹ̀ Àfàlà àti àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin. Àfàlà kò mọ ìwé. Ọdún 1846 ni òun àti ọmọ rẹ̀ tó tún fojú kan ara wọn l'Ábẹ́òkúta. Àsánò tí Crowther fẹ́, tí wọ́n gbà là nínú ọkọ̀ ẹrú bíi tirẹ̀, di tíṣà ní Sàró. Ọmọ wọn obìnrin, Abigail, wá fẹ́ Thomas Babington Macaulay, ẹni tó dá CMS Grammar School sílẹ̀ l'Ékòó ní 1859. Láàárín ìran mẹ́ta péré, ọ̀rọ̀ kúrò lórí ẹni tí wọ́n tà lójà, ó di ti ìyàwó olórí ilé-ìwé. Ẹni tó bá ní ilé-ìwé kò ṣe nǹkan kan fún obìnrin yóò ní láti ṣàlàyé irú ìdílé báyìí.

Ṣùgbọ́n Sàró ni ìdílé náà ti rí ìwé, kì í ṣe Òṣoògùn, torí ahoro ni Òṣoògùn dà lẹ́yìn tí ogun kọjá níbẹ̀. Ibi tí èrò àwọn oníìmọ́lẹ̀ ti ń mẹ́hẹ nìyẹn. Kò sọ iye obìnrin tí ìmọ́lẹ̀ náà tàn dé ọ̀dọ̀ wọn, kò sì sọ irú ìmọ́lẹ̀ tó jẹ́. Ọdún mẹ́wàá ni ilé-ìwé ọmọbìnrin CMS fi gbẹ̀yìn ti ọmọkùnrin l'Ékòó. Nígbà tí ó kan ìjọba fúnra rẹ̀, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: King's College ṣí ní 1909, Queen's College kò sì ṣí títí di 1927. Ọdún méjìdínlógún! Bí ọmọbìnrin bá sì wọlé tán, aṣọ fífọ̀ àti lílọ̀, abẹ́rẹ́, oúnjẹ òyìnbó àti ìtọ́jú ilé ló máa ń gba èyí tó pọ̀ nínú ọjọ́ rẹ̀. Wọ́n ń kọ́ ọ láti jẹ́ aya fún akọ̀wé tàbí àlùfáà.

LaRay Denzer, tó ṣe ìwádìí lórí ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ilé ní ilẹ̀ Yorùbá, fi kún un pé àwọn obìnrin náà kò gba ẹ̀kọ́ ọ̀hún bí wọ́n ṣe gbé e fún wọn. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ní kí wọ́n fi máa lẹ aṣọ ọkọ ni wọ́n fi di aránṣọ tó ń gba ọmọṣẹ́. Búrẹ́dì tí wọ́n kọ́ láti fi ṣe àlejò di ọjà. Mo rò pé ibí yìí ni èrò àwọn oníìmọ́lẹ̀ ti lágbára jù, àwọn tó gbé e kalẹ̀ kò sì fi í ṣe ẹ̀rí rárá.

Àwọn tó ní òyìnbó ló rẹ obìnrin sílẹ̀

Ní 1997, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèrónkẹ́ Oyèwùmí gbé ìwé kan jáde, The Invention of Women, tó yí ọ̀rọ̀ padà pátápátá. Wọn kò jiyàn pé obìnrin Yorùbá ní agbára díẹ̀ tàbí púpọ̀ kí òyìnbó tó dé. Ohun tí wọ́n sọ le ju bẹ́ẹ̀ lọ: pé ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, jíjẹ́ akọ tàbí abo kọ́ ni wọ́n fi ń to àwùjọ. Ọjọ́ orí, àti ẹni tó kọ́kọ́ wọ ilé, ni wọ́n fi ń tò ó. Ọmọ ilé tó jẹ́ obìnrin lè jókòó kí ìyàwó ilé kúnlẹ̀ kí i, ọkọ ìyàwó ni, kì í ṣe aya ẹnikẹ́ni nínú agbo ilé baba rẹ̀. Nígbà tí òyìnbó dé ni ó kó gbogbo wọn pọ̀, ìyá àgbà àti ìyàwó àná, ọlọ́jà àti ẹrú, ó pè wọ́n ní ẹ̀yà kan ṣoṣo, ó sì fi ẹ̀yà náà sẹ́yìn: lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ní ilé-ìwé, lórí ilẹ̀ àti ní kóòtù.

Ẹ̀rí tó dùn jù fún èrò yìí wà l'Ókè-Ògùn gan-an. Nígbà tí àwọn Aláàfin sá kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, Ìgbòho ni wọ́n fi ṣe olú-ìlú, ibẹ̀ ni wọ́n sì sin mẹ́rin nínú wọn sí, ní ibi tí a ń pè ní Igbó Ọba. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin náà ni Òrọ̀m̀pọ̀tọ̀, jagunjagun tí ìtàn ní ó máa ń so ewé mọ́ ìrù ẹṣin kí ewé náà lè pa ipa ẹsẹ̀ ọmọ ogun rẹ́. Sámúẹ́lì Johnson, tó parí ìtàn Yorùbá tirẹ̀ ní 1897, kọ Òrọ̀m̀pọ̀tọ̀ sílẹ̀ bí ọkùnrin. Ní 1965, Robert Smith tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn Aláàfin Ìgbòho, ohun tó sì gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń pa ìtàn mọ́ ni pé obìnrin ni. Ìbéèrè Oyèwùmí wá le: bí a kò bá bi àwọn arọ́kin léèrè, ta ní sọ fún wa pé ọkùnrin ni gbogbo àwọn tó kù?

Àwọn ẹlòmíì kò lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń tọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́láńlé Awẹ́ ti kọ̀wé ní 1977 nípa oyè Ìyálóde, bí ẹni tó jẹ ẹ́ ṣe ń jókòó ní ìgbìmọ̀ ìlú tó sì ń ní ọmọ ogun tirẹ̀, bíi Ẹfúnṣetán Aníwúrà tó kú n'Íbàdàn ní 1874. Nínú ààfin Ọ̀yọ́, Ìyá Kéré ló ń tọ́jú nǹkan ọba, òun ló sì ń gbé adé lé Aláàfin lórí. Nígbà tí òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọba ṣe ìjọba, ó ka ọba, ó ka baálẹ̀, ó ka àwọn ìjòyè ọkùnrin, ó fún wọn ní owó oṣù. Kò ka Ìyá Kéré. Kò ka Ìyálóde. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé owó oṣù, kò pẹ́ tí àwọn ará ìlú fi ń wò ó bí ẹni tí ìjọba kò mọ̀.

Ìgbòho kan náà, ẹ̀rí mìíràn

Ó ṣe ni láàánú fún èrò Oyèwùmí pé ìlú tó fún un ní Òrọ̀m̀pọ̀tọ̀ náà ló fún alátakò rẹ̀ lóhùn. J. Lorand Matory gbé ní Ìgbòho fún ìwádìí, ìwé rẹ̀ Sex and the Empire That Is No More sì jáde ní 1994. Ó wo àwọn elégùn Ṣàngó: ọkùnrin ni wọ́n, síbẹ̀ wọn a di irun bí obìnrin, wọn a wọ aṣọ obìnrin, ìyàwó òrìṣà sì ni wọ́n ń pè wọ́n. Matory gbà pé kì í ṣe ara ènìyàn ló ń sọ ọ́ di ìyàwó. Ṣùgbọ́n ó ti bèèrè ohun tí Oyèwùmí wá fò lẹ́yìn náà: kí ló dé tó fi jẹ́ pé ipò ìyàwó ni wọ́n yàn láti fi ṣe àpèjúwe ẹni tí agbára ń gùn? Nítorí pé ipò ìyàwó, lójú gbogbo ìlú, ni ipò ẹni tó wà lábẹ́. Ọmọ ilé tó jẹ́ obìnrin lè jókòó nílé baba rẹ̀ lóòótọ́. Nílé ọkọ rẹ̀, òun náà a kúnlẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti máa lo èyí tó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀.

J. D. Y. Peel gba ọ̀nà mìíràn. Ó ka àkọsílẹ̀ àwọn oníwàásù CMS, èyí tí Yorùbá bíi tiwa kọ púpọ̀ nínú wọn, ó sì rí i pé Orò ti ń sé obìnrin mọ́lé ní ọ̀pọ̀ ìlú, Ifá sì ti wà lọ́wọ́ ọkùnrin, kí òyìnbó tó tẹ ilẹ̀ wa. Bíbí Bákàrè-Yusuf, ní tirẹ̀, sọ ní 2003 pé kí a má fi ohun tí èdè sọ ṣe ohun tí ènìyàn ń jẹ. Èdè lè má ya akọ sọ́tọ̀ sí abo, kí ilé ó máa yà á.

Kí ni a wá lè sọ? Àwọn alátakò ṣẹ́gun lórí ìyàwó. Wọn kò ṣẹ́gun lórí ìyá. Obìnrin tó ti bímọ tí ọmọ rẹ̀ ti dàgbà, tó ń ṣòwò, tó jẹ́ àgbà nílé baba rẹ̀, kò sí ibì kankan nínú ohun tí Peel tàbí Matory kọ tó fi hàn pé ẹnìkan ń fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Irú obìnrin yẹn gan-an ni ìjọba òyìnbó kò mọ ibi tó lè fi sí. Bó bá ṣe pé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bẹ̀rẹ̀ láti orí ọjọ́ orí obìnrin ni, ìjà wọn ì bá kéré.

Àwọn tó ní ọjà ni kí ẹ wò

Ẹgbẹ́ kẹta kò bá wọn dá sí ọ̀rọ̀ oyè tàbí òrìṣà. Owó ni wọ́n ń wò. Símí Àfọnjá kọ ní 1981 pé ohun tó yí ipò obìnrin Yorùbá padà ni bí iṣẹ́ àti ọrọ̀ ṣe yí padà: nígbà tí irè oko títà sí òkè òkun di ọ̀nà owó ńlá, ẹni tó ní ilẹ̀ àti ọwọ́ iṣẹ́ ló jàǹfààní, ọkùnrin ló sì sábà ń jẹ́. Niara Sudarkasa, tó ṣe ìwádìí ní Awẹ́ lẹ́bàá Ọ̀yọ́ ní 1961 sí 1962, rí obìnrin tó ń ná ọjà tirẹ̀, tó ń pa owó tirẹ̀ mọ́, tí ọkọ kò sì lè pàṣẹ lórí owó náà.

Òkè-Ògùn ni ó yẹ kí èrò yìí ti gbilẹ̀ jù, torí pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin ti ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀ tí òkè kan ní Ìgbẹ́tì fi ń jẹ́ Ìyámọ̀pó, orúkọ òrìṣà tó ń ṣọ́ iṣẹ́ obìnrin. Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀lé òwú díẹ̀. Obìnrin ló ń kó o nínú oko, òun ló ń yọ kóró rẹ̀, òun ló ń gbọ̀n ọ́n títí yóò fi fúyẹ́, òun ló sì ń ran án. Lẹ́yìn náà ni aró. Wọn a gún ewé elú, wọn a ṣù ú ní ìṣù-ìṣù, wọn a sá a gbẹ. Wọn a sẹ́ omi eérú láti inú ìkòkò tí ìdí rẹ̀ lu, omi náà a máa kán wọ ìkòkò ìsàlẹ̀. Elú a wọ inú omi eérú, a sì wà níbẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan títí yóò fi bó, aláró a sì fi imú àti ahọ́n mọ̀ bóyá ó ti tó. Òwú tó bá jáde níbẹ̀ ni ọkùnrin Ìṣẹ́yìn ń gbé sórí òfì. Kíjìpá tí obìnrin ń hun lórí igi ìdúró sì wà lọ́tọ̀. Kò sí ilé-ìwé kan tó ń kọ́ ènìyàn ní èyí. Ìyá ló ń kọ́ ọmọ, àṣìṣe kan nínú omi eérú sì lè ba ìkòkò aró kan jẹ́.

Òyìnbó gbà pé òwú tó dára wà níbí. Ní 1902 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti wá òwú láti ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso. Ohun tí wọ́n sì bá pàdé ní ọ̀pọ̀ ibi ní Nàìjíríà ni pé àwọn tó ń rànwú tí wọ́n ń hunṣọ nílé ń fi owó tó dára jù ra á. Èyí tó pa ìrànwú lára ni òwú tí wọ́n ti ran tẹ́lẹ̀ tí ọkọ̀ ojú omi ń kó dé, tó rọrùn láti rà, tó sì dọ́gba. Ahunṣọ, tó jẹ́ ọkùnrin, kò pàdánù nǹkan kan; ó kàn ra òwú níbòmíràn. Ìyá tó ń rànwú ló pàdánù. Judith Byfield kọ irú ìtàn yìí nípa àwọn aláró Abẹ́òkúta, bí wọ́n ṣe gbilẹ̀ nígbà tí aṣọ funfun láti òkè òkun pọ̀, àti bí ìjà lórí kẹ́míkà òyìnbó nínú aró ṣe tú wọn ká láàárín 1930 sí 1940.

Ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, ó gba Òṣogbo lọ sí Ìlọrin, ó fi Òkè-Ògùn sí apá òsì rẹ̀. Kòkó tó ń san owó ilé-ìwé fún ọmọ Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti Oǹdó kò sí fún ọmọ Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ọkùnrin àti obìnrin Ṣakí, Ìgbòho àti Ìgbẹ́tì ṣe gbọ̀nà Gold Coast lọ. J. S. Eades, tó kọ̀wé lórí àwọn oníṣòwò Yorùbá ní àríwá Ghana, fi hàn pé àwọn obìnrin wọ̀nyí kì í ṣe ìyàwó tó tẹ̀lé ọkọ lásán. Wọ́n ń pàtẹ tiwọn, wọ́n ń ra ilé, wọ́n ń fi owó ránṣẹ́ sílé. Bí ipò bá jẹ́ ohun tí owó ń rà, a jẹ́ pé obìnrin Òkè-Ògùn tí kò mọ Á, B, D lè ga ju míìsì tó ń kọ́ni ní Ṣakí lọ.

Àléébù èrò yìí ni pé ó fẹ́ fi owó dáhùn gbogbo nǹkan. Obìnrin lè ní ilé méjì ní Tamale, kí ó má sì lẹ́nu ní ìgbìmọ̀ ìlú rẹ̀, kí lẹ́tà ìjọba dé, kí ó máa wá ọmọ ọlọ́mọ tí yóò kà á fún un.

Kóòtù dé kí ilé-ìwé tó dé

Ibi tí èrò mi tẹ̀ sí jù nìyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó kọ̀wé lórí ẹ̀kọ́ obìnrin kì í sábà yà síbẹ̀. Lójú ọ̀pọ̀ obìnrin Òkè-Ògùn, kì í ṣe ilé-ìwé ni ojú ìjọba òyìnbó tí wọ́n kọ́kọ́ rí. Kóòtù ìbílẹ̀ ni.

Tẹ́lẹ̀, bí ìyàwó bá fẹ́ kọ ọkọ, ó ní láti sá lọ sílé baba rẹ̀, kí àwọn àgbà ilé méjèèjì jókòó, kí wọ́n bẹ̀ ẹ́, kí wọ́n tún bẹ̀ ẹ́, kí ọ̀rọ̀ má sì parí fún ọdún. Nígbà tí kóòtù dé, ó sanwó sámáǹsì, ó rojọ́, akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n ṣírò owó ìdána tí yóò dá padà, ọkọ tuntun ló sì sábà ń san án. Jákèjádò agbègbè Ọ̀yọ́, ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ di ẹjọ́ tó pọ̀ jù níwájú àwọn kóòtù yìí. Nina Mba àti àwọn tó tẹ̀lé e rí ọwọ́ obìnrin fúnra rẹ̀ nínú irú nǹkan báyìí: kò dúró de ẹni tí yóò gbà á, ó mú irinṣẹ́ tó bá lọ́nà, ó lò ó.

Àwọn ọkùnrin kò fẹ́ràn rẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá 1916, Òkèihò àti Ìṣẹ́yìn gbé ohun ìjà. Captain Ross ni ajẹ́lẹ̀ nígbà náà, Ládìgbòlù sì ni Aláàfin tí òyìnbó gbé agbára lé lọ́wọ́ lórí gbogbo agbègbè náà. Asẹ́yìn àti Ọ̀njọ̀ Òkèihò kú nínú rògbòdìyàn náà. Sójà wá, wọ́n pa àwọn aṣáájú, ní 1917 wọ́n sì kó Òkèihò kúrò lórí òkè wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ tó wà títí di òní. J. A. Àtàndá, tó kọ ìtàn rògbòdìyàn yìí, to ìdí rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: agbára tí wọ́n kó fún Ọ̀yọ́, iṣẹ́ àfipáṣe, ìwà àwọn akóòdà, àti kóòtù pẹ̀lú bí ìyàwó ṣe ń rọrùn láti fi ọkọ sílẹ̀ níbẹ̀. A máa ń ka ìtàn yìí bí ìtàn òmìnira. Ó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n ń jà láti gbà padà ni àṣẹ lórí ìyàwó.

Èyí kò wá sọ kóòtù di ọ̀rẹ́ obìnrin. Ọkùnrin ni gbogbo àwọn tó jókòó síbẹ̀. Owó ìdána tí wọ́n ń ṣírò sọ ìgbéyàwó di gbèsè tí wọ́n lè kọ sínú ìwé, obìnrin tí kò bá sì rí ẹni san án fún un yóò padà sílé tó ti sá kúrò. Akóòdà tó mú ìwé sámáǹsì wá lè jẹ́ ẹni tó ń wá ìyàwó fúnra rẹ̀. Àti pé obìnrin tó ń rojọ́ kò lè ka ohun tí akọ̀wé kọ. Níbí ni ọ̀rọ̀ kóòtù àti ọ̀rọ̀ ilé-ìwé ti pàdé.

Ẹ fi wé Abẹ́òkúta. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, tó wà lára àwọn ọmọbìnrin àkọ́kọ́ tó wọ Abeokuta Grammar School ní 1914, fi ìwé tó kà kọ́ àwọn ọlọ́jà ní ìwé kíkà. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó mọ̀wé àti àwọn tí kò mọ̀ ọ́n di ọ̀kan ní 1946, wọ́n kọ owó orí, Aláké Adémọ́lá Kejì sì fi orí oyè sílẹ̀ ní 1949. Òkè-Ògùn ní ìbínú, ó ní ọlọ́jà, ó ní ìdí láti jà. Kò ní míìsì tó pọ̀ tó tí wọ́n lè bá ọlọ́jà kọ lẹ́tà.

Ilé kéwú

Gbogbo àwọn tí a ti dárúkọ yìí kọ̀wé bí ẹni pé ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ló wà. Ìṣẹ́yìn ti jẹ́ ìlú Mùsùlùmí tipẹ́, ọmọbìnrin sì ń jókòó pẹ̀lú wàláà ní ilé kéwú kí ilé-ìwé míṣọ́nnárì tó ṣílẹ̀kùn. Àwọn òbí Mùsùlùmí mọ ohun tí wọ́n ń ṣe nígbà tí wọ́n fi ọmọ pamọ́ fún tíṣà onítẹ̀bọmi: ọmọ tó bá wọ ibẹ̀ bíi Àṣíátù lè jáde bíi Esther. Ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen, tí wọ́n dá sílẹ̀ l'Ékòó ní 1923, wá ojútùú sí i nípa kíkọ́ ilé-ìwé tí Mùsùlùmí lè lọ láìyí orúkọ padà. N'Íbàdàn, Alhaja Humuani Alága àti àwọn ọlọ́jà ẹlẹgbẹ́ wọn dá ẹgbẹ́ Isabatudeen sílẹ̀ ní 1958, wọ́n sì kọ́ ilé-ìwé gíga fún ọmọbìnrin lẹ́yìn náà. Owó ọjà, tí obìnrin tí kò lọ sí ilé-ìwé pa, ló kọ́ ilé-ìwé náà.

Àìlera àwọn tó ń gbé ẹ̀kọ́ Ìsìláàmù ga ni pé wọn kì í fẹ́ sọ ibi tí ilé kéwú dá ọmọbìnrin dúró. Ìyá Àdínì àti Ìyá Sùnnà jẹ́ oyè tó níyì. Kò sí obìnrin tó di lémọ́ọ̀mù. Síbẹ̀, ẹni tó bá ka gbogbo ọmọbìnrin Ìṣẹ́yìn tí kò sí nínú ìwé orúkọ ilé-ìwé míṣọ́nnárì sí aláìmọ̀kan, òun gan-an ni kò tíì mọ ìlú náà.

Ohun tó ṣì wà nílẹ̀

Ní oṣù Kìíní 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ọmọ. Àwọn ọmọ tó wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti 456,600 ní 1954 sí 811,432 lọ́dún kan ṣoṣo. Fún ilẹ̀ tí kò ní kòkó, èyí ṣe pàtàkì ju ohun gbogbo tí míṣọ́nnárì ṣe lọ, torí pé owó ilé-ìwé ni ògiri tó ga jù lọ́nà ọmọbìnrin. Àwọn ọ̀mọ̀wé kò tíì fẹnu kò lórí bóyá ògiri náà wó lóòótọ́ tàbí ó kàn sún síwájú, sí ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé girama, níbi tí baba ti ń yan ẹni tí yóò lọ.

Ọ̀rọ̀ Òrọ̀m̀pọ̀tọ̀ náà kò tíì yanjú. Arọ́kin ní obìnrin ni, Johnson ní ọkùnrin ni, àwọn mìíràn sì ń bèèrè bóyá ìtàn obìnrin náà ti àtijọ́ wá ni àbí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ obìnrin ni pàápàá, ìjà wà lórí ohun tí ọba kan lè sọ fún wa nípa ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin tó ń rànwú lábẹ́ rẹ̀.

Èyí tó kù ló sún mọ́ wa jù. Àwọn ìwé agbègbè Ọ̀yọ́ láyé òyìnbó wà ní ilé àkójọ ìwé ìjọba n'Íbàdàn, ohùn àwọn obìnrin tí kò mọ̀ọ́kọ sì wà nínú ohun tí akọ̀wé kóòtù gbọ́ tó sì kọ. Ṣé ohùn tiwọn ni, àbí ti akọ̀wé? Nígbà tí Ghana lé àwọn àlejò jáde ní òpin 1969, àwọn obìnrin tó padà sí Ìgbòho àti Ṣakí bá àwọn ọmọbìnrin tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti sọ di tíṣà àti nọ́ọ̀sì nílé. Ẹni tí ìlú tẹ́tí sí nínú àwọn méjèèjì, àti ìdí tí wọ́n fi tẹ́tí sí i, ni àwọn tó gbà pé ilé-ìwé ló ń gbé obìnrin ga àti àwọn tó gbà pé ọjà ni kò tíì fẹnu kò lé lórí.